Káàdì Mẹ́rin, Ojú Ọ̀run Kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì Oṣù Kẹsàn-án

Mo gba kọ́kọ́rọ́ táǹkì omi ilé-ìwé mi àtijọ́ lónìí. Táǹkì ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ò sí nínú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí èmi fúnra mi wà ní kíláàsì kejì nílé-ìwé yẹn. Wọ́n ti la ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé kan sí i lára, káfíńtà ti fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ọkọ mi sì ti rán aṣọ funfun tí wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀ nínú, tó rí roboto bí inú igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Pírójẹ́kítọ̀ mẹ́rin tí á máa ju àwòrán sára aṣọ náà wà lórí tábìlì gíga láàárín yàrá, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn bí ẹni tó ń jà. Ó kù kí n wá fi ojú ọ̀run síbẹ̀.

Bàbá Tíṣà ló kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Òun ló kọ́ mi ní sáyẹ́ǹsì, òun ló kọ́ ìdajì àdúgbò yìí. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílé-ìwé náà rí. Òun ló ń kan ilẹ̀kùn àwọn olówó kiri títí wọ́n fi gbà pé kí táǹkì di ilé ìràwọ̀ fún àwọn ọmọ.

"Oníbéèrè," ó ní. Orúkọ tó sọ mí ní kíláàsì nìyẹn, kò sì gbàgbé e. "Ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ wá mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀. Mo ti ta ilé. Orúnkún mi ò gbà kí n máa dá gbé mọ́. Mi ò bẹ̀ ọ́ o, mo kàn ń sọ ọjọ́ fún ọ ni."

"Ẹ ti bẹ̀ mí tán nìyẹn, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe lórúkọ ara mi nìyí látìgbà tí mo ti fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, àmọ́ inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Kọ̀ǹpútà dé. Èmi àti ọkọ mi la jọ gbé e wọlé, ó wúwo bí àpótí irin.

Káàdì àwòrán mẹ́rin ló ní láti wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún pírójẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí kálukú wọn máa ya ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin ojú ọ̀run. Mẹ́ta jọra bí ìbẹta. Ìkẹrin ò bá wọn tan rárá. Ọwọ́ alálòkù ni mo ti rà á nígbà tí irú àwọn yòókù tán lọ́jà. Ó sanra, ó ti dàgbà jù wọ́n lọ, fáànù rẹ̀ sì ń pariwo bí ẹni ń lọ ata. Mo ti fún wọn lórúkọ: Ìbẹta àti Àlejò.

Mo tan ẹ̀rọ. Mo bi sísítẹ̀mù, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, pé káàdì mélòó ló rí nínú ara rẹ̀. Ó ní méjì. Mo pa á, mo tún un tàn, mo tún bi í. Ó ní méjì. Mẹ́rin tí mo fi ọwọ́ ara mi kì bọ inú rẹ̀!

Nígbà tí mo délé tí mo ń ròyìn, Màámi gbé ojú sókè nídìí ẹ̀wù tí ó ń lẹ̀.

"Bóyá ojú ló ń dùn ún," ó ní.

Kò rẹ́rìn-ín. Màámi ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì dárí jì mí pé mo fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo yọ sísítẹ̀mù tó bá kọ̀ǹpútà wá kúrò. Kì í ṣe pé kò dára. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún: kó bá ènìyàn kọ lẹ́tà, kó bá ènìyàn ṣírò. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹnì kan lè gbé káàdì mẹ́rin wá bá a. Mo fi òmíràn sí i, èyí tí ènìyàn lè ṣí inú rẹ̀ wò, tí ènìyàn lè tún ṣe bó bá ṣe wù ú.

Ó gba gbogbo ọ̀sán. Oòrùn mú, inú táǹkì gbóná bí inú ààrò. Mo jẹ ẹ̀pà, mo ń wo ìlà funfun bó ṣe ń sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò láti àárọ̀. Òrùlé kò jò. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún káfíńtà.

Sísítẹ̀mù tuntun rí mẹ́ta! Mo jó yí tábìlì ká. Nígbà tó di ọ̀sán mo wọ inú ètò ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó máa ń jí kí sísítẹ̀mù tó jí, mo sì rí i pé àyè tí wọ́n pín fún àwọn káàdì níbẹ̀ kéré jù. Bí ilé tó ní yàrá mẹ́ta tí àlejò mẹ́rin sì fẹ́ sùn níbẹ̀. Mo ní kó fẹ àyè náà. Mo tún un tàn. Mẹ́rin!

Rírí kọ́ ni ìlò, ṣá. Ó rí Àlejò, àmọ́ kò mọ bó ṣe máa bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé dírẹ́bà rẹ̀ ò sí nínú sísítẹ̀mù.

Mo ń ṣàlàyé ìyẹn fún ọkọ mi lórí fóònù nígbà tí mo ń wọlé bọ̀. "Dírẹ́bà Àlejò ni kò sí. Láìsí dírẹ́bà, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò lè lọ síbì kankan."

Màámi yọjú láti ilé ìdáná. "Kí ló dé tí ẹ ò pe ọmọ àbúrò mi? Ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó sì mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Irú àlejò wo tiẹ̀ ni, tó jókòó látàárọ̀ láìrẹ́ni gbé e?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán pé dírẹ́bà inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ènìyàn, pé ìwé àṣẹ lásán ni tó ń kọ́ sísítẹ̀mù bó ṣe máa lo káàdì, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní dírẹ́bà, kì í ṣe èmi."

Ó jàre.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo rí dírẹ́bà Àlejò. Bó ṣe wọlé ni ti Ìbẹta jáde. Mo dá ti Ìbẹta padà, ti Àlejò jáde. Orogún ni wọ́n, wọn ò fẹ́ rí ara wọn nínú ilé kan náà.

Mo kọ ìṣòro mi sí ibi tí àwọn oníṣẹ́ wa ti máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ẹnì kan ti dáhùn, ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tó pe ara rẹ̀ ní Ológbò Mẹ́ta. Ó ní dírẹ́bà kan wà tó mọ ìdílé méjèèjì, kí n yọ orogún méjèèjì kúrò kí n fi ẹyọ kan yẹn sí i. Ó tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ kú sùúrù. Èmi náà sunkún lórí rẹ̀."

Ẹni yòówù kó jẹ́, kí Ọlọ́run bá mi bọ́ àwọn ológbò rẹ̀ yó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Gbogbo mẹ́rin ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ dírẹ́bà kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa rò pé àlá ni.

Àmọ́ kálukú ń dá ṣe tirẹ̀. Bí mo bá gbé ìràwọ̀ kan láti igun Ìbẹta àkọ́kọ́ tí mo ní kó kọjá sí igun kejì, á dé ibi ààlà, á sì dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tí okùn rẹ̀ tán. Mo ṣe é títí sísítẹ̀mù fi gbà pé ojú kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú ńlá kan tó yí yàrá po.

Bàbá Tíṣà wá nígbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá báyìí, tòun ti àga kékeré rẹ̀ àti ife tíì rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, òkùnkùn ṣú, mo tẹ bọ́tìnì. Ìràwọ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ ògiri dé àtàrí.

Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àríwá wà níbi ilẹ̀kùn. Ó yẹ kó wà níbi fèrèsé."

"Màá yí i padà, Bàbá."

"Má yí i lónìí. Jẹ́ kí n wò ó bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Mo gbé òṣùpá sí i lónìí. Òṣùpá àrànmọ́jú, mo kó àwòrán rẹ̀ tó mọ́ jù lọ. Ó yọ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó dára débi pé mo fọwọ́ bo ẹnu. Ó dé ibi tí igun Ìbẹta kẹta ti pàdé igun Àlejò, ó sì pín sí méjì. Ìdajì iwájú kù sẹ́yìn. Ìdajì ẹ̀yìn fẹ́ kọjá lára rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òṣùpá rí bí àwo tó fọ́ tí ẹnì kan fi ìkánjú lẹ̀ pọ̀. Nígbà tó wọ igun Àlejò tán, ó tún di odidi, ó ń lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

"Ta ló fọ́ ọ?" ni Bàbá Tíṣà bi mí.

Àlejò ló fọ́ ọ. Òun ló lọ́ra jù, àwọn yòókù ti ya àwòrán tiwọn tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi wá gbé mi ní ìrọ̀lẹ́, mo fi hàn án. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe bí oníbàárà bá ní ẹ̀wù fún òun jù. "Ojú rírán ẹ ò bára mu," ó ní. "Bó bá jẹ́ aṣọ, màá tú u." Ó wá rí ojú mi. "Ó ṣáà dára o. Ìdajì kọ̀ọ̀kan ló dára."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọjọ́ burúkú. Mo ní kí Àlejò sáré sí i. Mo fi kún agbára iná tó ń lọ sára rẹ̀, mo dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, mo tún fi kún agbára náà. Ó sáré lóòótọ́. Òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ so pọ̀. Ibẹ̀ ni fáànù rẹ̀ ti ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, òórùn bí rọ́bà tó ń jó sì gba inú táǹkì. Mo fa wáyà yọ. Igun kan ojú ọ̀run ṣókùnkùn.

Àkókò yẹn gan-an ni Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwé kan ilẹ̀kùn. Obìnrin rere ni, àmọ́ kò gbà gbọ́ nínú nǹkan tí kò tíì rí. Ó fọn imú.

"Kí ló ń jó?"

"Kò tíì jó, Mà. Ó kàn bínú ni."

Ó wo yíká. "Mi ò fẹ́ dà yín láàmú o. Ṣùgbọ́n àga ìdánwò wà níta nínú òjò, mi ò ní yàrá tí mo máa kó wọn sí. Bí ìsinmi bá dé tí ibí yìí ò tíì ṣeé lò, níbí ni wọ́n ń bọ̀."

"Á ṣeé lò, Mà."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mi ò bi ọkàn mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Àlejò ò kú. Ó tutù, mo tàn án, ó jí. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ wá ìbẹta kẹrin lọ́jà kọ̀ǹpútà. Oòrùn, eruku, ariwo jẹnẹrétọ̀. Mo yẹ ṣọ́ọ̀bù wò títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Nǹkan ti gbówó lórí kọjá sísọ. Wáyà lásán tí mo rà lóṣù tó kọjá ti di ìlọ́po méjì.

Alálòkù tó ta Àlejò fún mi rántí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ó kàn lọ́ra ni."

"Mo sọ fún yín pé àgbà ni." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Èyí tẹ́ ẹ ń wá yẹn, ẹ má wàhálà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bóyá lọ́dún tuntun."

Lọ́dún tuntun, Bàbá Tíṣà ò ní sí níbí.

Mo ra ọsàn bọ̀ wálé fún Màámi. Ó bó ọ̀kan fún mi, ó yọ kóró rẹ̀ kúrò bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kẹwàá

Òjò. Mo sùn títí ọ̀sán. Ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ó ti ṣeé ṣe! Mò ń kánjú kọ ọ́, ìwé mi ò ní gún.

Mo jókòó láàárọ̀ yìí láìfọwọ́ kan nǹkan kan, mo kàn ń ka ohun tí sísítẹ̀mù ń kọ. Ó ń kọ ìgbà tí káàdì kọ̀ọ̀kan parí àwòrán rẹ̀. Ìbẹta á parí, wọ́n á gbé e síta, wọ́n á sì ti wà nínú òmíràn kí Àlejò tó gbé tirẹ̀ jáde. Mo wá rí ìlà kékeré kan tí mo ti ń fojú fò láti ọjọ́ yìí wá: *aṣíwájú: káàdì kìn-ín-ní*. Sísítẹ̀mù ti yan ọ̀kan lára wọn, òun làwọn yòókù ń wò kí wọ́n tó gbé àwòrán síta. Ó yan Ìbẹta àkọ́kọ́ nítorí pé òun ló kọ́kọ́ rí. Ìbẹta àkọ́kọ́ ń sáré, àwọn yòókù ń bá a sáré, Àlejò ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn.

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, Àlejò ni mo ń lé. Kò sígbà kan tí mo rò ó pé kí n ní kí àwọn tó yára dúró.

Mo pa ìlà yẹn rẹ́. Mo kọ ọ́ pé: *aṣíwájú: káàdì kẹrin*. Kí ẹnikẹ́ni má gbé àwòrán síta àyàfi bí Àlejò bá ti ṣe tán. Mo dá agbára iná rẹ̀ padà sí bó ṣe wà kí n tó máa dá a lóró. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbé òṣùpá jáde.

Ó yọ níbi fèrèsé. Ó dé ààlà. Mi ò lè wò ó, mo dijú. Nígbà tí mo là á, ó ti kọjá, odidi, bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

Mo mú un padà, mo tún jẹ́ kó kọjá. Mo tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

Ìṣípòpadà rẹ̀ falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀. Kò burú. Kò sẹ́ni tó ń lé òṣùpá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Mi ò sọ nǹkan kan fún Bàbá Tíṣà. Mo ní kó kàn jókòó. Mo fi Àgùàlà, ìràwọ̀ tó máa ń bá òṣùpá rìn, sí ẹ̀gbẹ́ òṣùpá kó lè tẹ̀ lé e.

Àwọn méjèèjì kọjá ààlà Ìbẹta sí ti Àlejò, wọ́n kọjá láti ti Àlejò sí ti Ìbẹta. Mo gbọ́ tí ife tíì rẹ̀ ń lu àwo abẹ́ rẹ̀ tí-tí-tí.

"Bàbá, ṣé òtútù ń mú yín ni?"

"Rárá." Ó gbé ife sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí, orí pátákó dúdú ni mo ti ń yà á fún àwọn ọmọ láti ìgbà èwe mi. Ṣọ́ọ̀kì ni òṣùpá mi. Bí mo bá ní kó máa lọ, àwọn ọmọ ló ń fi ọkàn tì í lọ." Ó fi ìka tẹ̀ lé òṣùpá. "Ó ń lọ, Oníbéèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màámi ní òun fẹ́ rí i. Ó wọ bàtà tó dáa.

Mo fi orí rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó di báàgì rẹ̀ mú sáyà bí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo yí ojú ọ̀run láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ lábẹ́ ohùn pé, "Hẹ̀n-ẹn. Hẹ̀n-ẹn."

Nígbà tí mo tan iná, ó jókòó pẹ́ kó tó dìde.

"Ìyẹn lo ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá?"

"Òun ni, Màámi."

"O sì wá ń sọ fún mi pé *káàdì*, pé *dírẹ́bà*." Ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀. "O ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Lójú ọ̀nà ó dá obìnrin aládùúgbò wa dúró, ó ní, "Ọmọ mi ló ń tan ìràwọ̀ nílé-ìwé yẹn o." Mo ń wo ilẹ̀. Inú mi fẹ́ bẹ́ fún ayọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Àtúnṣe kéékèèké. Àríwá ti wà níbi fèrèsé.

Bàbá Tíṣà ní òun rí ìràwọ̀ kan tí òun ò mọ̀, lókè níhà ìwọ̀-oòrùn. Ó ní kí n wá orúkọ rẹ̀. Mo wá a nínú ètò títí, kò sí. Ó ń bínú díẹ̀ pé èmi ò wá a dáadáa. Ọkọ mi gun àkàbà, ó fọwọ́ kàn án.

"Òróró máṣíìnì mi ni," ó ní látòkè, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ó ta sára aṣọ nígbà tí mò ń rán an, ó sì ń dán bí iná bá kàn án."

Bàbá Tíṣà ní kó má fọ̀ ọ́. Ó ti fún un lórúkọ: Télọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo tan ẹ̀rọ láàárọ̀. Ojú ọ̀run ò jáde. Mo bi sísítẹ̀mù pé káàdì mélòó ló rí. Ó ní ọ̀kan.

Ọ̀kan!

Ó ti ṣe àtúnṣe sí ara rẹ̀. Kò bi mí, kò sì sọ fún mi. Mo fi í sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lánàá, ó sì lọ gbé ẹ̀yà tuntun ara rẹ̀ wọ̀, dírẹ́bà wa ò sì mọ ẹ̀yà tuntun náà rí. Ìkésíni ti jáde fún Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn òbí ń bọ̀, Ọ̀gá Àgbà ti rán aṣọ.

Mo jáde, mo yí táǹkì ká, mo tún un yí ká. Òdòdó kan ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí mi ò rí rí. Mo wò ó dáadáa, mo wá padà wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Sísítẹ̀mù kì í ju ẹ̀yà àtijọ́ rẹ̀ nù, ó máa ń tọ́jú u pamọ́. Ohun tí mo rántí láàárọ̀ nìyẹn nígbà tí mò ń fọ eyín. Mo ní kó padà sí bó ṣe wà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ń ronú. Ó tún ń ronú. Ìbẹta yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlejò ló gbẹ̀yìn dé, bó ṣe yẹ àgbà.

Mo ti fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ tún ara rẹ̀ ṣe mọ́ láìgba àṣẹ mi. Mo sì yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ká a, mo fi sínú báàgì mi. Kó wá gbà á lọ́wọ́ mi bó bá lè gbà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n kún. Àwọn kan dúró. Àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní bí ẹja tí wọ́n tò. Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀, ó gùn. Lẹ́yìn náà mo ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí òṣùpá yọ, gbogbo yàrá ní "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò wo òkè. Kọ̀ǹpútà ni mò ń wò, mo ń gbọ́ fáànù Àlejò, tó ń lọ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Òṣùpá kọjá ààlà kan, ó kọjá èkejì, kò sì sẹ́nì kankan nínú yàrá yẹn tó mọ̀ pé ààlà wà. Ọ̀gá Àgbà, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fà mí lápá. "Àwọn àga yẹn," ó ní sí mi létí, "màá wá ibòmíràn fún wọn."

Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ tán, ó ku èmi, ọkọ mi, Bàbá Tíṣà, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dé lánàá. Àpótí ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀.

"Bàbá, ẹ lè béèrè ọjọ́ tó bá wù yín," ni mo wí. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbéyàwó. Ọjọ́ tí wọ́n bí yín. Ó mọ gbogbo rẹ̀."

Ó ronú. "Ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la kẹ̀?"

"Ọ̀la, nílùú tí ọmọ mi ń gbé. Ohun tí màá rí bí mo bá jáde sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀."

Mo bi ọmọ rẹ̀ léèrè ibẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ètò. Ojú ọ̀run yí díẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ kan níhà gúúsù wọ̀, àwọn kan níhà àríwá gòkè sí i. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ń fi tọ́ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ wọn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ọmọ kíláàsì láàárọ̀ láti mọ ẹni tó wá. Ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú. Ó pẹ́.

"Wọ́n pé," ó ní. "Mo lè lọ."

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Ó lọ láàárọ̀. Ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ nínú táǹkì, ó ní kí ẹni tí àárẹ̀ bá kọ́kọ́ mú jókòó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Fóònù dún ní ìrọ̀lẹ́ tí mò ń gé ewébẹ̀. Bàbá Tíṣà ni. Ó ní ara òun le, ó ní ọmọ òun ń fún òun ní oúnjẹ jù, àwọn ọmọ-ọmọ òun ń sọ̀rọ̀ yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìkùukùu bo gbogbo ọ̀run níbí, Oníbéèrè. Láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mi ò tíì rí ẹyọ kan."

"Ẹ dúró, Bàbá. Ẹ má pa fóònù."

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo gba ẹ̀yìn ilé, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà nípa ajá aládùúgbò rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo tan ẹ̀rọ, mo dúró dè wọ́n: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mo kọ ìlú ọmọ rẹ̀ sí i. Mo jókòó sórí àga kékeré yẹn, mo gbé orí sẹ́yìn.

"Ìràwọ̀ ti yọ níbí, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ kọjú sí àríwá."

Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí òkúta.

"Mo ti kọjú sí i," ó ní. "Ó yá. Máa pè wọ́n fún mi láti ìsàlẹ̀, kí o rọra máa bọ̀ lókè."